Fọ́mánì Tó Ń Fọwọ́ Ṣiṣẹ́: Kí Ni Ọwọ́ Náà Wà Fún?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa tí a ń ṣe fọ́mánì ní Sharada, Challawa àti Bompai ti ń sọ láàárín ara wa, tí a ò tíì sọ síta. Ó ti tó àkókò ká sọ ọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ò lọ kọ́ iṣẹ́ fọ́mánì níbì kankan. Àpò la kọ́kọ́ ń gbé. Láti ibẹ̀ la ti dé ìdí ẹ̀rọ, a sì wà níbẹ̀ títí a fi mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ wá di fọ́mánì, wọn ò gba spánà lọ́wọ́ wa. Ohun tí a fi ń yangàn nìyẹn. Bí hítà bá jó, àwa la ó pààrọ̀ ẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ mọ́ọ̀dì kalẹ̀, àwa la ó fa ṣéènì. Ìyẹn dáa, a ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wa yí i padà. Ẹni tí ò mọ bí ẹ̀rọ ṣe ń dún nígbà tí ara ẹ̀ dá, kò lè mọ ìgbà tí nǹkan bá ń ṣe é.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọwọ́ wa ti dà. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ ní 2023, tí dísẹ́ẹ̀lì àti kóró ike tí wọ́n ń kó ti òkè òkun wá di ọ̀wọ́n, àwọn kan nínú àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù. Níbi tí èèyàn mẹ́fà ti ń ṣe iṣẹ́ alẹ́, ó di mẹ́ta. Ta ló ń dí àlàfo náà? Fọ́mánì ni. Wọ́n á ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n, ẹ bá wa jókòó sídìí ẹ̀rọ kan." Inú wa á dùn pé wọ́n yìn wá, a ó jókòó. Láti ìgbà yẹn, kò sí ẹni tó ń wo àwọn tó kù.

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Gbogbo ẹ̀rọ tó ń tẹ ike ló ní ìlẹ̀kùn ààbò. Bí ìlẹ̀kùn yẹn bá ṣí, swíìṣì kékeré kan wà tí kò ní jẹ́ kí mọ́ọ̀dì pa dé. Bí èèyàn bá wá fi okùn so swíìṣì yẹn mọ́lẹ̀, ẹ̀rọ á rò pé ìlẹ̀kùn ti tì, á sì máa ṣiṣẹ́ lọ. Ẹ̀gbọ́n wa kan so ó. Ààwẹ̀ ti ń sún mọ́lé, àwọn oníbàárà ń wá búùtà àlùwàlá lójú méjèèjì, mánéjà sì ń pariwo. Ó ní tí iṣẹ́ yẹn bá ti parí, òun á tú u. Iṣẹ́ parí, kò tú u.

Lóru ọjọ́ kan, ní nǹkan bí aago méjì, ẹ̀gbọ́n wa jókòó sídìí ẹ̀rọ kẹrin, ó kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀rọ kejì. Ọmọkùnrin Haúsá kan tí ò tíì lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ ló wà níbẹ̀. Búùtà kan há sínú mọ́ọ̀dì, ọmọ náà na ọwọ́ wọlé láti fà á yọ. Ẹnìkejì ẹ̀ pariwo "Tsaya!", ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò gbọ́ Haúsá, kò sì gbọ́ Yorùbá. Ìka méjì lọ.

Ká ṣírò ẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń yọ abọ́ kan ní ìṣẹ́jú-àáyá 30, abọ́ 120 ni ní wákàtí kan. Bí a bá so swíìṣì, tó wá di ìṣẹ́jú-àáyá 26, yóò jẹ́ bíi 138. Èrè rẹ̀ ni abọ́ 18 ní wákàtí kan, 216 ní wákàtí 12. Ohun tí a ń fi ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ dúró fún nìyẹn.

Nígbà tí a bá ẹ̀gbọ́n wa lọ kí bàbá ọmọ náà, bàbá ní ká má sunkún, kádàrá ni. Orúkọ kan náà ni àwa náà ń pè é, kò sẹ́ni tó nílò ògbufọ̀. Àwa yòókù ṣe àmín. Ẹ̀gbọ́n wa ò lè ṣe é. Nígbà tí a délé ló sọ fún wa pé, "Kádàrá kọ́ ló so okùn yẹn. Èmi ni."

Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: ọwọ́ fọ́mánì wà fún kíkọ́ ọmọ níṣẹ́ àti fún dídá ẹ̀rọ dúró. Kò wà fún dídí ihò tí ọ̀gá gbẹ́ nígbà tó lé òṣìṣẹ́ lọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tó bá sì jókòó sídìí ẹ̀rọ kan láti ìrọ̀lẹ́ dé ìdájí, kò sí lọ́jà mọ́, bó tilẹ̀ wà nínú ọgbà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká fẹnu kò. Èkíní, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má so swíìṣì ààbò mọ́. Òfin Factories Act ti 1987 ní kí wọ́n fi ààbò bo ibi tó léwu lára ẹ̀rọ, kò sì sọ pé àfi tí ọjà bá ń yá. Bí nǹkan bá há, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ fíùsì, ẹ fi sápò ara yín kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó wọlé.

Èkejì, ẹ kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ délẹ̀. Àwọn kan nínú wa ń fi iṣẹ́ pamọ́, wọ́n ní tí ọmọ onílẹ̀ bá mọ̀ ọ́n tán, wọ́n á ní kí àlejò máa lọ. Ìbẹ̀rù yẹn yé wa. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a ò kọ́, ẹ̀rọ ló máa kọ́ ọ, owó ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ sì wọ́n.

Ẹ̀kẹta, tí ẹnikẹ́ni bá fara pa, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Òfin Employees' Compensation Act ti 2010 fún òṣìṣẹ́ tàbí ẹbí ẹ̀ ní ọjọ́ 14 láti sọ fún agbanisíṣẹ́, ó sì fún agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí. Náírà 1 nínú 100 náírà owó oṣù ni ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa san síbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó òṣìṣẹ́. Ọmọ tó ń gba owó ojoojúmọ́ náà, òṣìṣẹ́ ni.

A mọ èsì tó máa wá: "Ẹ̀yin lẹ máa sanwó ilé-ìwé àwọn ọmọ mi tí wọ́n bá lé mi?" Ìbéèrè gidi ni. Fọ́mánì kan ṣoṣo tó bá ní òun ò so swíìṣì, wọ́n lè lé e lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ ọ́ fún gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà. Bí mánéjà bá lé ẹnì kan, tó tún pe ẹlòmíì láti Sabon Gari, kí onítọ̀hún náà fún un ní èsì kan náà. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Ẹ̀gbọ́n wa ti tú okùn náà, ó ń gbé e kiri nínú àpò ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wọ iṣẹ́ lálẹ́ òní, kí ẹ tó tan ẹ̀rọ, ẹ lọ wo ìlẹ̀kùn. Tí ẹ bá rí okùn, ẹ tú u. Olúwa á ṣọ́ wa o.