BABA TÍ Ó RIN ÌRÌN-ÀJÒ: Ẹ̀KỌ́ FÚN ÌJỌ NÍNÚ FÍÌMÙ “MY FATHER'S SHADOW”

Nínú òwe tí Olúwa wa pa nínú Ìhìnrere Lúùkù orí 15, ọmọ ni ó lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, baba ni ó dúró nílé tí ó ń wo ọ̀nà. Ní ọ̀pọ̀ ilé láàrin wa lónìí, òdìkejì rẹ̀ ni a ń rí. Baba ni ó lọ. Àwọn ọmọ ni wọ́n ń wo ọ̀nà. Irú baba bẹ́ẹ̀ ni fíìmù “My Father's Shadow”, èyí tí a lè pè ní Òjìji Bàbá Mi, gbé síwájú ayé ní ọdún 2025.

Akínọlá Davies ni ó darí rẹ̀. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Wálé, ni wọ́n jọ kọ ọ́. Baba tiwọn kú nígbà tí wọ́n ṣì kéré jọjọ. Oṣù kẹfà ọdún 1993 ni ìtàn náà dá lé. Fọlárìn, baba tí àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì kì í sábà rí, mú wọn lọ sí Èkó fún ọjọ́ kan, níbi tí ó ti fẹ́ gba owó oṣù tí wọ́n jẹ ẹ́. Ní ìgbà kan náà, gbogbo ìlú ń retí èsì ìbò June 12, èyí tí ìjọba ológun Babangida fagi lé.

Fíìmù yìí ni ti Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó wọ inú àṣàyàn gan-an ní àjọ̀dún Cannes, ní ilẹ̀ Faransé. Inú wa dùn, nítorí a gbọ́ ohùn ara wa níbẹ̀: Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì àti Píjìnì. Ṣọpẹ́ Dìrísù, ọmọ Nàìjíríà tí a bí ní London, ni ó ṣe baba. Godwin àti Chibuike Egbo, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí orúkọ Igbo ń bẹ lára wọn, ni wọ́n ṣe àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá rántí bí ọ̀pọ̀ ará Igbo ṣe sá kúrò ní Èkó ní ọdún 1993 yóò mọ̀ pé èyí kì í ṣe ohun kékeré.

Síbẹ̀, nígbà tí ó kan ìdíje Oscar ti 2026, orúkọ Britain ni wọ́n fi gbé e kalẹ̀. BBC Film àti BFI ti ibẹ̀ wà lára àwọn tí ó náwó sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ Fatherland ti Èkó wà nínú iṣẹ́ náà. Ọmọ Èkó wá ń jẹ́ orúkọ ilé tí ó gbọ́ bùkátà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó ń rí nínú ìdílé.

Bùkátà ni ó lé Fọlárìn kúrò nílé, kì í ṣe àìnífẹ̀ẹ́. Fíìmù náà kò fi àṣìṣe rẹ̀ pamọ́, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí a rí i bí ènìyàn. Ǹjẹ́ àwa nínú ìjọ ń rí irú rẹ̀? Àwa tí a ń kọ ìròyìn ìjọ pàápàá jẹ̀bi. Ẹ wo àwòrán ìdílé tí a ń gbé jáde ní ìgbà ìkórè: baba, ìyá àti ọmọ nínú aṣọ kan náà. Ìyá tí ó dá nìkan kó ọmọ mẹ́ta wá, ẹ̀yìn ni ó ń dúró sí. A kì í pè é síwájú. Ní Ọjọ́ Àwọn Baba, baba tí ó jókòó níwájú wa ni a ń bá wí nítorí baba tí kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀yin àlùfáà wa, ẹ jẹ́ kí a pe irú ìdílé bẹ́ẹ̀ síwájú pẹ̀lú ọlá. Ẹ jẹ́ kí a béèrè nọ́ńbà baba tí ó wà lẹ́yìn odi, kí a sì pè é, kì í ṣe láti dá a lẹ́jọ́, bí kò ṣe láti sọ fún un pé a ń retí rẹ̀.

Ẹ̀yin baba tí ẹ wà ní ọ̀nà jíjìn, ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́ jù. Ní oṣù kejì ọdún 2025, Babangida gbà nínú ìwé rẹ̀ pé Abíọ́lá ni ó borí ní June 12. Ṣùgbọ́n Abíọ́lá ti kú láti ọdún 1998. Ìjẹ́wọ́ dára, ó sàn kí ẹni tí a ń jẹ́wọ́ fún ṣì wà láàyè láti gbọ́ ọ.

Kí Olúwa yí ọkàn àwọn baba padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ. Àmín.