Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́

Wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, gígé ni àwọn dókítà ń gé ẹsẹ̀ ọ̀dọ́ tí jẹjẹrẹ bá wọ egungun rẹ̀. Ọmọ ọdún 18 ni Terry Fox, ọmọ Kánádà, nígbà tí wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lókè orúnkún ní 1977. Osteosarcoma, irú jẹjẹrẹ egungun kan, ló ṣe é. Ẹsẹ̀ lọ, àrùn kò lọ: ó ràn dé ẹ̀dọ̀fóró, ó sì pa á ní 1981.

Lónìí, oògùn ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò, kí ó pa jẹjẹrẹ tó ti sá pamọ́ sí ibòmíràn nínú ara. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yọ egungun tó bàjẹ́ àti ẹran tó yí i ká, wọ́n á fi irin rọ́pò rẹ̀. Níbi tí irinṣẹ́ àti oògùn bá pé, ó ju mẹ́jọ lọ nínú mẹ́wàá tí kì í pàdánù ẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ká má bẹ́ orí ti kọ́kọ́ mọ̀ pé orí ló ń fọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le. Irú osteosarcoma kan wà tó kún fún ẹ̀jẹ̀. Nínú àwòrán x-ray, ó jọ àpò ẹ̀jẹ̀ inú egungun tí kì í pani. Bí dókítà bá gbà pé èyí tí kì í pani ni, á la ibẹ̀, á ha inú rẹ̀, á dí i padà. Ibi gbogbo tí ọ̀bẹ àti ẹ̀jẹ̀ bá sì kàn ni sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ lè bọ́ sí. Ẹsẹ̀ tí à bá dá sí lè wá di gígé.

Àṣìmọ̀ kò mọ sí inú àwòrán nìkan: ní 1982, dókítà Henry Mankin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí jáde lórí aláìsàn 329 tí wọ́n bu ẹran lára kókó jẹjẹrẹ wọn fún àyẹ̀wò. Nǹkan bí 18 nínú 100 ni àyẹ̀wò náà ṣì àrùn wọn mọ̀ gidigidi. Àwọn 15 pàdánù apá tàbí ẹsẹ̀ tí kò yẹ kí wọ́n gé.

Lọ́dọ̀ tiwa, orúnkún ọmọ á wú, wọ́n á ní orí pápá bọ́ọ̀lù ló ti ṣubú. Wọ́n á fi òrí ra á, wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ atoegungun. Oṣù á máa gorí oṣù. Mi ò bú atoegungun; egungun tó kán ni iṣẹ́ wọn, kókó jẹjẹrẹ kì í sì í ṣe kíkán. Bí ó bá ti pẹ́ tó wé mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ẹsẹ̀, gígé lè jẹ́ ohun tí yóò gba ẹ̀mí là. Kí ẹnikẹ́ni má fi òwe yìí bá dókítà jà nígbà náà.

Ẹ̀yin òbí, bí ìrora egungun bá ń jí ọmọ yín lóru, tí ibẹ̀ wú tí kò lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ ní kí wọ́n ya x-ray rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kókó lásán ni, ẹ béèrè, kí ọ̀bẹ tó kan ọmọ, bóyá dókítà tó mọ jẹjẹrẹ egungun dunjú ti rí àwòrán náà. Òun náà ni kó bu ẹran fún àyẹ̀wò. Èyí tí wọ́n bá sì ti ṣèèṣì ha, ẹ má sọ̀rètí nù: ẹ yára gbé e lọ bá irú dókítà bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n ṣì ń rí irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ dá sí.