Agídí Kọ́, Ọ̀rọ̀ Ni Kò Rí Sọ: Lórí Ọdún Mẹ́ta Àkọ́kọ́ ní Ilé Ìwé Àwọn Ọmọkùnrin

Ariwo ni àlejò máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí a yà sọ́tọ̀ fún ọmọkùnrin. Kí ó tó dé ẹnu géètì ni yóò ti gbọ́ ọ: ariwo ayọ̀, ariwo ìjà, ariwo bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ọ̀rá àti okùn dì. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí agogo dún, kí àlejò náà wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì kìn-ín-ní. Àwọn ọmọ tí ẹnu wọn kò dákẹ́ níta ti di odi. Olùkọ́ béèrè ọ̀rọ̀, ogójì ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀.

Ọdún méjìlélógún ni mo fi kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, láti kíláàsì kìn-ín-ní dé ìkẹta. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló mú mi kọ ìwé yìí. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Púpọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní agídí, oríkunkun àti àìgbọràn lára ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́jọ, àìrí ọ̀rọ̀ sọ ni. Àwa la gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ ilé ìwé, a gbé èdè tí kò gbọ́ sí iwájú rẹ̀, a wá ń nà án nítorí pé kò dáhùn. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí á dá ọ̀rọ̀ náà padà fún un: kí Yorùbá jẹ́ èdè tí a ó fi kọ́ ọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, kí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹ̀kọ́ tirẹ̀ tí a kọ́ ọ dáadáa, kí pankẹ́rẹ́ sì kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà pátápátá.

Ọmọ kan ló là mí lójú. N kò ní dárúkọ rẹ̀; ó ti di bàbá ọmọ báyìí. Ọmọ ọdún méje ni nígbà náà, bàbá rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo fi Gẹ̀ẹ́sì bi í pé, bí a bá yọ mẹ́rin kúrò nínú méjìlá, eélòó ni yóò kù? Ó wò mí, ó wo pátákó, ó gbá ọmọ tó jókòó tì í létí. Mo nà án. Mo kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn tí orí wọn kò pé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo gba iwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ kọjá, mo sì rí i nídìí ọpọ́n ayò pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo dúró wò wọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ta ayò rí mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ojúlé méjìlá ló wà lórí ọpọ́n, ọmọ ayò mẹ́rin ní ojúlé kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ méjìdínláàádọ́ta. Kí ọmọ tó gbé ọwọ́ sí ojúlé kan, ó gbọ́dọ̀ ti mọ iye tó wà níbẹ̀, ibi tí èyí tó kẹ́yìn yóò bọ́ sí, bóyá méjì tàbí mẹ́ta ni yóò pé níbẹ̀ kí ó lè jẹ ẹ́, àti ohun tí ẹnì kejì yóò fi dá a lóhùn. Ìṣirò ni gbogbo rẹ̀, orí ni wọ́n sì fi ń ṣe é, láìsí ìwé, láìsí gègé. Ọmọ náà jẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójú mi. Ẹni tí mo kọ sílẹ̀ ní òpè láàárọ̀, ọ̀ta ayò ni ní ìrọ̀lẹ́.

Ẹ tún gbọ́ orúkọ iye ọmọ ayò náà dáadáa: méjì dín ní àádọ́ta. Ìyọkúrò ti wà nínú ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá lè pe ẹẹ́rìndínlógún ti ń yọ mẹ́rin kúrò nínú ogún kí ó tó mọ̀ pé ìṣirò ni òun ń ṣe. Àwọn kan á ní òǹkà wa le, pé Gẹ̀ẹ́sì yá jù ú lọ. Kò burú: ẹ jẹ́ kí ọmọ máa kọ 16 àti 48 sínú ìwé bí gbogbo ayé ṣe ń kọ ọ́, kí olùkọ́ sì fi Yorùbá ṣàlàyé bí a ṣe ń dé ibẹ̀. Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn láti ọjọ́ kejì. Mo kó ọmọ ayò wá sí kíláàsì, mo fi Yorùbá béèrè ọ̀rọ̀. Ọmọ káfíńtà náà kò gbá ẹnikẹ́ni létí lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ tó ń nà sókè láti dáhùn kò ráyè ìjà.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí mo fi dá ọ̀rọ̀ yìí dúró lórí ọmọkùnrin. Àwọn ọmọbìnrin pẹ̀lú ń jìyà ìdákẹ́jẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n bí ọmọbìnrin bá dákẹ́, a máa ń sọ pé ìtìjú ń ṣe é, a sì ń fà á mọ́ra. Bí ọmọkùnrin bá dákẹ́, a ní ó ń wo wá ní ìwòkuwò. Nígbà tí kò bá sì rí ọ̀rọ̀ sọ mọ́, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ló máa ń fi sọ ọ́: yóò ti ẹlòmíràn ṣubú, yóò fọ́ gègé, yóò sá gba ẹ̀yìn fẹ́ńsì lọ. Ilé ìwé ọkùnrin ní èrò kan tó mú kí ó burú sí i, pé a gbọ́dọ̀ sọ ọkùnrin di líle láti kékeré. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ẹnu iṣẹ́, pankẹ́rẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fà lé mi lọ́wọ́, kí wọ́n tó fún mi ní ìwé orúkọ. Ìyà méjì ló wà fún ọmọ níbẹ̀: a nà án nítorí pé kò sọ Gẹ̀ẹ́sì, a tún nà án nítorí pé ó sọ Yorùbá. “Vernacular” ni wọ́n ń pe èdè ìyá rẹ̀, wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó bá sọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni ọmọ ọdún mẹ́fà yóò rí kọ́ níbẹ̀ ju pé ohun tí ìyá òun ń sọ nílé jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀?

Ìtìjú yìí kò bá èdè wa wá sílé ayé. Samuel Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Ní 1859, Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta, ní èdè Yorùbá, kí àwọn tó ti mọ̀wé lè rí nǹkan kà. Lẹ́yìn ìyẹn ni òfin ẹ̀kọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1882 dé, tí ó so owó ìrànwọ́ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí kò sì ka èdè àwọn ọmọ sí. Ibi tí owó wà ni ilé ìwé ń yíjú sí. Àwọn aláṣẹ yẹn ti lọ tipẹ́, ṣùgbọ́n àwa fúnra wa la ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ wa báyìí.

Bẹ́ẹ̀ a ti dán ọ̀nà mìíràn wò, ní ilẹ̀ wa níbí, ó sì so èso. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's “A” ní Ilé-Ifẹ̀. Ford Foundation ti Amẹ́ríkà ló ràn wọ́n lọ́wọ́ nípa owó. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì kò gbẹ́yìn. Gẹ̀ẹ́sì dúró ní tirẹ̀, olùkọ́ tó gbọ́ ọ dunjú ló ń kọ́ wọn. Àwọn tí wọ́n fi wọ́n wé lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì, bí àṣà ṣe rí. Nígbà tí wọ́n dán gbogbo wọn wò, àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́fà ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ nínú àwọn ẹ̀kọ́ yòókù, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé tó sọ bí wọ́n ṣe ṣe é jáde ní 1989. Ohun tí mo ń tọrọ kò tó ti Ifẹ̀. Ọdún mẹ́ta péré ni mo ń tọrọ, èyí tí ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí fún ọmọ ní 1977.

Orí ìwé ni ó fún un. Ní gbogbo ọdún tí mo fi wà lẹ́nu iṣẹ́, n kò rí ẹni tó fi ìwé ìṣirò kan ṣoṣo tí a fi Yorùbá kọ ránṣẹ́ sí kíláàsì mi. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí gba gbogbo ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti wọ́gi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí á fi máa kọ́ ọmọ láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì. Ìdí tí ó sọ ni pé ní àwọn agbègbè tó lo èdè abínibí, àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi púpọ̀ nínú WAEC, NECO àti JAMB.

Mo bọ̀wọ̀ fún ipò mínísítà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò tọ́, n kò sì lè dákẹ́ lé e lórí. Ẹ̀yìn ọdún méjìlá ní ilé ìwé ni ọmọ ń jókòó ṣe WAEC: mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́fà ní girama. Bí a bá tilẹ̀ fi èdè ìyá rẹ̀ kọ́ ọ fún mẹ́ta nínú wọn, Gẹ̀ẹ́sì ló fi gba mẹ́sàn-án kọjá. Ta ni ó yẹ kí á bi léèrè? Ọmọ tí kò mọ ìwé kà ní èdè kankan nígbà tó fi pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ó ń fìdí rẹmi ní girama. Kíkà sì rọrùn ní Yorùbá ju bí ó ṣe rọrùn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ. Lẹ́tà márùndínlọ́gbọ̀n ni a ní, bí a sì ṣe kọ ọ̀rọ̀ ni a ṣe ń pè é. Ọmọ tó bá ti mọ àwọn lẹ́tà náà àti àmì ohùn lè ka ọ̀rọ̀ tí kò rí rí. Àwọn tó fi Aláwíyé J. F. Ọdúnjọ kọ́ ìwé kíkà mọ̀ pé òótọ́ ni mo sọ. Wọ́n gbé òye kíkà náà lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì di dókítà àti agbẹjọ́rò.

Àwọn òbí tó ń bẹ̀rù pé Gẹ̀ẹ́sì ọmọ àwọn yóò bàjẹ́, mo gbọ́ yín. Owó ilé ìwé ni ẹ ń san, ẹ sì fẹ́ kí ọmọ yín ríṣẹ́ ṣe lọ́la. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé pé ta ni ó ń kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì, báwo ni Gẹ̀ẹ́sì onítọ̀hún fúnra rẹ̀ ṣe rí? Olùkọ́ kan tó gbọ́ ọ dáadáa, tó ń wọ kíláàsì lójoojúmọ́ fún ìdajì wákàtí, yóò ṣe ọmọ láǹfààní ju olùkọ́ mẹ́fà tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì tí kò já geere kọ́ ọ ní ìṣirò, ìmọ́tótó àti ìtàn.

Ọ̀rọ̀ ìlú ńlá kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ní Èkó, ọmọ Íbò, ọmọ Haúsá àti ọmọ Yorùbá lè jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ní Badagry, Ẹ̀gùn ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń sọ nílé, n kò sì fẹ́ kí á fi Yorùbá ṣe fún wọn ohun tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún wa. Níbi tí èdè bá ti pọ̀ lóòótọ́, kí olùkọ́ máa lo èyí tí àwọn ọmọ jọ gbọ́, kí ó sì jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ dáhùn ní èdè tó bá yá a lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi Èkó ṣe àwáwí fún Ìsẹ́yìn, Ìkirè àti Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ìpínlẹ̀ Èkó fúnra rẹ̀ ṣe òfin ní 2018 pé kí gbogbo ilé ìwé, ti ìjọba àti ti aládàáni, máa kọ́ ọmọ ní Yorùbá. Òfin náà dára, mo sì gbóríyìn fún wọn. Ṣùgbọ́n kíkọ́ ọmọ ní Yorùbá yàtọ̀ sí fífi Yorùbá kọ́ ọmọ. Ìgbà méjì lọ́sẹ̀, kí ọmọ ka òwe mẹ́ta kí ó sì padà sínú ìdákẹ́jẹ́, kò tó.

Kí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ wa ní ilẹ̀ Yorùbá jọ dáwó tẹ ìwé ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún kíláàsì mẹ́ta àkọ́kọ́. Ifẹ̀ ti ṣe irú rẹ̀ rí, kì í ṣe pé a fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Kí wọ́n dá àwọn olùkọ́ padà sídìí àmì ohùn, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò lè fi àmì sórí ọ̀rọ̀ mọ́. Owó ìtanràn lórí Yorùbá, kí ó tán lónìí. Kò nílò owó, kò nílò ìgbìmọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fún ọmọkùnrin mẹ́ta láyè kí wọ́n dúró síwájú, kí wọ́n sì fi èdè wọn ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wọn lánàá: ẹran tó já okùn, ẹ̀gbọ́n tó ti ìrìnàjò dé, òjò tó gbé bàtà lọ. Ẹ má dá wọn lẹ́kun. Mo ṣe é fún ọdún mẹ́rìnlá. Ọmọ tí wọ́n bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ kì í sábà wá ìjà lọ́sàn-án, èmi náà sì gbé pankẹ́rẹ́ sórí àjà, n kò wá a mọ́.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá, ìpàdé òbí àti olùkọ́ ń bọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù. Ẹ mú ìwé yìí lọ. Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tọrọ àyè, ẹ jókòó sẹ́yìn kíláàsì ọmọkùnrin yín fún wákàtí kan, kí ẹ sì ka iye ìgbà tí ó la ẹnu sọ̀rọ̀.