Ẹ Bu Omi Kí Ẹ Tó Gun Òkè

Ẹni tó bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lẹ́bàá odò Tarn ní ilẹ̀ Faransé, kó gbọ́ tèmi. Láti Florac dé Sainte-Énimie, tí kò ju 30 kìlómítà lọ, ọ̀nà ń bá odò rìn nínú àfonífojì, kò nira. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá kọjú sí Causse Méjean, òkè tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Àfonífojì náà jìn tó 500 mítà. Òkúta ẹfun ni ilẹ̀ òkè yìí: bí òjò ti ń rọ̀ ni ilẹ̀ ń fà á mu, ìsàlẹ̀ létí odò ni omi náà ti ń sun jáde. Nítorí náà, ẹ má gbójú lé odò tí ẹ ń wò. Ẹ rọ omi kún ìgò kí ẹ tó gùn ún. Òùngbẹ kò mọ alágbára. Ó dìgbà kan ná.