Ìbéèrè Tí Kò Kan Iṣẹ́ Òǹkọ̀wé

Ìbéèrè kan wà tí àwọn afọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kì í fẹ́ fi sílẹ̀ bí wọ́n bá jókòó ti ọmọ Yorùbá tó ń kọ ìtàn abàmì, ìtàn adẹ́rùbani tàbí ìtàn tó jẹ mọ́ sáyẹ́ǹsì ọjọ́ iwájú. Wọ́n á ní ṣé àlọ́ tí ìyá rẹ̀ àgbà pa fún un ló sọ di ìwé. Ó jọ ìyìn létí, àmọ́ àbùkù ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé òǹkọ̀wé náà kò ronú, ó kàn jogún ni.

Ìyà yìí jẹ Amos Tutuola. Nígbà tí Faber tẹ The Palm-Wine Drinkard jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952, iṣẹ́ ìránṣẹ́ tó ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba l'Ékòó àti Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tí kò bá gírámà mu ló gba ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ sì ni arẹwà ọkùnrin kan wà nínú ìwé náà tó ń dá ẹ̀yà ara tó yá padà fún àwọn tó ni wọ́n lójú ọ̀nà, tó ń san owó háyà ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku agbárí lásán. Kí ni owó ń wá nínú igbó iwin? Ìbéèrè tó kan iṣẹ́ nìyẹn.

Tomi Adeyemi, tí ìwé rẹ̀ Children of Blood and Bone jáde ní 2018, ti sọ ọ́ fáyé gbọ́ pé àwòrán òrìṣà tí òun rí ní Salvador, ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, ló ta òun jí. Òkun ni ìtàn rẹ̀ gbà wá, kì í ṣe ìdí ààrò. Tade Thompson ńkọ́, oníṣègùn ọpọlọ tí Rosewater rẹ̀ gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní 2019? Ẹni tó ń ka ọkàn ẹlòmíràn ni Kaaro, olórí ẹ̀dá ìtàn rẹ̀. Ìwọ̀nba wo ni iṣẹ́ ìwòsàn fi kọ́ òǹkọ̀wé náà bí a ti ń kọ irú ọkàn bẹ́ẹ̀? Àlọ́ kò lè dáhùn èyí.

Fágúnwà mọ iṣẹ́ yìí ju àwọn oníbéèrè lọ. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò gan-an ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde ní 1938, fi bẹ̀rẹ̀: bàbá arúgbó kan dé, ó ní kí akọ̀wé mú ìwé àti kálàmù, kó máa kọ ohun tí òun bá sọ. Akọ̀wé náà kò bi Àkàrà-oògùn bóyá òótọ́ ni tàbí àlọ́. Ó gbọ́, ó kọ, nígbà tó sì fi di ọjọ́ kejì, èrò ti ń wọ́ wá gbọ́. (Ó yẹ kí wọ́n máa ka ojú ìwé wọ̀nyí fún gbogbo akọ̀ròyìn tuntun.) Ṣùgbọ́n omi gbé Fágúnwà lọ ní oṣù Kejìlá 1963. Ta ni yóò tún bi í léèrè ìdí tí ojú Àgbákò fi jẹ́ 16?

Àwọn tó ń kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ní èdè Yorùbá ṣì wà láàyè, àwọn mìíràn sì ti dàgbà. Kí olùkọ́ tó rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ bá wọn, kí ó ní kó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, kó kọ ìbéèrè 10 sílẹ̀, kó sì pa èyíkéyìí tó ṣeé bi òǹkọ̀wé mìíràn rẹ́. Bí méjì péré bá ṣẹ́ kù, kí ó mú méjì náà lọ. Èdè Yorùbá ni kí ó fi bi wọ́n.