Másítà iṣẹ́ ìdàgbàsókè: ẹ jẹ́ kí a ṣírò kí a tó ta ilẹ̀

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2025, USAID, àjọ tí ìjọba Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní 1961 láti máa ran àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn lọ́wọ́, dáwọ́ iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Ṣáájú ìgbà náà, ní oṣù Kẹta, Marco Rubio, tí ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òkèèrè fún Amẹ́ríkà, ti kéde pé àwọn ti fagi lé 83 nínú 100 àwọn ètò àjọ náà. Ní oṣù Kejì, Keir Starmer, olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti sọ pé owó ìrànlọ́wọ́ tiwọn yóò sọ̀ kalẹ̀ láti 0,5 sí 0,3 nínú 100 owó tí ń wọlé fún orílẹ̀-èdè náà nígbà tí yóò bá fi di 2027. Faransé àti Jámánì náà ti dín tiwọn kù.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé wa. Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Pọ̀bẹ̀ àti ní Àjàṣẹ́, àwọn ọ̀dọ́ tí ó gba lísáǹsì ń wá másítà lórí ìdàgbàsókè, kí wọ́n lè ríṣẹ́ ní ONU, ní Báǹkì Àgbáyé tàbí ní ONG ńlá. Àwọn òbí kan sì ti ń wo ilẹ̀ tí wọn yóò tà. Bẹ́ẹ̀, àwọn tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà, tí àjọ wọn ti tú ká, ni yóò máa du ipò kan náà pẹ̀lú ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ǹjẹ́ ìwé-ẹ̀rí náà ṣì tó ohun tí a fẹ́ ná lé e lórí? Èrò tèmi ni pé másítà tí ó bá kọ́ ènìyàn ní iṣẹ́ kan pàtó ṣì tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó bá kọ́ni ní ọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè lásán kò tó mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣírò. Ní 2019, ìjọba Faransé gbé e kalẹ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe ọmọ Yúróòpù yóò máa san euro 3 770 lọ́dún fún másítà ní yunifásítì ìjọba. Iye náà ti lé díẹ̀ láti ìgbà náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ yunifásítì ń yọ̀ǹda rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan. Ẹni tí ń béèrè físà tún gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ní euro 615 lóṣù tí òun yóò fi máa gbọ́ bùkátà ara òun. Fún ọdún kan péré, méjèèjì di euro 11 150, èyí tí ó lé ní mílíọ̀nù 7 fráǹkì CFA àti 300 000, láìka owó ọkọ̀ òfuurufú. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí ní Benin láti 2023 jẹ́ 52 000 fráǹkì. Ẹni tí ń gba iye yìí yóò ṣiṣẹ́ fún oṣù tí ó lé ní 140, láìjẹ, láìmu, kí ó tó kó owó ọdún kan náà jọ. Ọdún méjì sì ni másítà.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Erasmus Mundus, ètò tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá sílẹ̀ ní 2004, ń fún àwọn tí ó bá yege ní euro 1 400 lóṣù, kò sì gba owó ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ wọn. Yunifásítì Senghor ti Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì, tí ó ṣílẹ̀kùn ní 1990, ń kọ́ni ní másítà ìdàgbàsókè ní èdè Faransé, lórí ìlera, àyíká, àṣà àti ètò ìṣàkóso. Nílé níhìn-ín, Ilé-ẹ̀kọ́ Ìlera Àwùjọ ti Ouidah ń gba akẹ́kọ̀ọ́ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní Áfíríkà. Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Orílẹ̀-èdè sì ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ní Kétu gan-an. Ẹni tí ó mọ ìṣirò ètò, omi, ilẹ̀, ìlera tàbí ìṣúná, bí àjọ òkèèrè bá tilẹ̀ kógbá wọlé, ìjọba ìbílẹ̀, ilé-iṣẹ́ aládàáni àti ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ṣì nílò rẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé láìsí másítà, ilẹ̀kùn kò ní ṣí. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ìkéde iṣẹ́ ń béèrè fún un. Ṣùgbọ́n ìdánwò tí ONU ń ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ tí kò ju ọdún 32 lọ kò béèrè ju lísáǹsì lọ, a sì lè ṣe é ní èdè Faransé ní ọdún tí orílẹ̀-èdè ẹni bá wà lára àwọn tí a yàn. Bákan náà, nínú ọ́fíìsì ONU ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, àwọn ipò òṣìṣẹ́ àgbà kan wà tí ó jẹ́ ti ọmọ orílẹ̀-èdè náà nìkan. Fún irú ipò bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ nípa ìlú àti èdè ẹni jẹ́ ohun èlò iṣẹ́.

Èdè ni ibi tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ti ń fojú fo ọ̀rọ̀ náà jù lọ. Ìwé ìbéèrè tí a kọ ní èdè Faransé a máa béèrè iye ènìyàn tí ó wà nínú «ménage» kan, ìyẹn àwọn tí ń gbé pọ̀ tí wọ́n sì ń jẹun láti inú ìkòkò kan. Bí olùbéèrè bá pè é ní «ìdílé», baálé yóò ka àbúrò rẹ̀ tí ó wà ní Kútọnu àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó wà ní Èkó mọ́ ọn. Bí ó bá pè é ní «agboolé», yóò ka gbogbo ìyàwó ilé àti ọmọ wọn. Ènìyàn 6 lè tipa bẹ́ẹ̀ di 30 nínú ìwé, àwọ̀n ẹ̀fọn tàbí irúgbìn tí a ó pín yóò sì ṣìnà. Ẹni tí ó kàwé ní Clermont-Ferrand tàbí ní Geneva lè mọ bí a ti ń ṣe ìṣirò náà dáadáa, kí gbogbo rẹ̀ sì bàjẹ́ lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ Kétu tí kò lè kọ èdè rẹ̀, tí kò sì lè kà á, ti fi èyí tí ó yẹ kí ó fi yàtọ̀ sí ẹlòmíràn sílẹ̀ nílé.

Nítorí náà, kí àwọn yunifásítì wa fi kíkọ àti kíkà èdè orílẹ̀-èdè kún másítà ìdàgbàsókè, kí ó jẹ́ ẹ̀kọ́ tí a ń gba máàkì lé lórí. Kí ẹ̀yin òbí náà bi ọmọ yín ní ìbéèrè mẹ́ta kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé títa ilẹ̀. Kí ni yóò mọ̀ ọ́n ṣe ní ọjọ́ tí ó bá jáde? Ta ni yóò gbà á síṣẹ́ bí owó àjọ òkèèrè bá tán? Bọ́ọ̀sì mélòó ni ó ti kọ̀wé béèrè fún? Bí kò bá tíì rí ìdáhùn sí ìbéèrè kẹta, kí ilẹ̀ náà ṣì wà níbi tí ó wà.