Eku Kan Ni, Kì í Ṣe Méjì: Èsì fún Àwọn Tó Ń Fojú Tẹ́ńbẹ́lú Gẹ̀ẹ́sì Pẹ̀lú Ìtàn

Bí ọmọ bá sọ nílé pé Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú Ìtàn ni òun fẹ́ lọ kà ní yunifásítì, ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò gbọ́ lẹ́nu bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n àti aládùúgbò: kí ló dé tí kò ka Lọ́ọ̀? Bí Lọ́ọ̀ kò bá sì bọ́ sí i, kí ló dé tí kò mú ọ̀kan nínú méjèèjì, kó kà á dójú àmì? Àwọn tó fẹ́ fi òwe ti ọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn á ní ẹni tó bá lé eku méjì yóò pòfo. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé àbọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àbọ̀ Ìtàn ni dìgírì yìí, pé ẹni tó gbà á kò ní í tó nǹkan lójú olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì ní í tó nǹkan lójú òpìtàn. Ìgbàgbọ́ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ìdí tí a sì fi kọ ìwé pẹlẹbẹ yìí nìyẹn. Eku kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì àti Ìtàn jọ ń lé: ìwé tí ẹnì kan kọ lọ́jọ́ kan, nítorí ìdí kan, tí àwa ní láti mọ ohun tó sọ àti ohun tó fi pamọ́. Ní ilẹ̀ bíi tiwa yìí, tí wọ́n fi ìwé Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn baba wa, ẹni tó ya méjèèjì sọ́tọ̀ gan-an ló ń gba àbọ̀ ẹ̀kọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá, nítorí kò sí ẹni tí yóò ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti owó jẹ́ ọ̀rọ̀ eré. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú tọwọ́ bọ ìwé tó gbé Èkó lé ọba obìnrin Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, lójú ọkọ̀ ogun wọn. Ó lé ní àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà kí ìjọba tó gba ilẹ̀ ní Àpápá lọ́wọ́ Olóyè Amodu Tijani, Olúwa, àti àwọn ènìyàn rẹ̀. Nígbà tó kan sísan owó ilẹ̀, kóòtù tó wà nílé ní ẹ̀tọ́ àbójútó nìkan ni olóyè náà ní, pé ìwọ̀nba ẹ̀tọ́ yẹn ni kí wọ́n sanwó lé lórí. Ní 1920, olóyè wọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní 1921, Privy Council, kóòtù tó ga jù fún gbogbo ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso nígbà náà, dá a láre: ìwé 1861 kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, gbogbo owó ilẹ̀ náà ni kí ìjọba san. Ohun tó yẹ ká wò ni ọ̀nà tí Lord Haldane, tó ka ìdájọ́ náà, gbà dé ibẹ̀. Ó kìlọ̀ pé ó rọrùn fún ará Gẹ̀ẹ́sì láti fi ọ̀rọ̀ òfin tirẹ̀ túmọ̀ ẹ̀tọ́ ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn láì fura. Ó ní àfi kéèyàn wádìí ìtàn àwùjọ kọ̀ọ̀kan àti ìṣe rẹ̀. Ó sì wá ẹ̀rí lọ sínú ìròyìn tí Adájọ́ Àgbà Rayner kọ ní 1898 lórí bí àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣe ń ni ilẹ̀.

Kí ni ẹjọ́ náà kọ́ wa? Ọ̀gá nínú Gẹ̀ẹ́sì tí kò mọ ìtàn Èkó, bó bá ka àdéhùn Dòsùnmú, yóò ní ọ̀rọ̀ ti parí: àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ le koko, wọ́n sì kó ohun gbogbo fún Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó mọ ìtàn ilẹ̀ Èkó tinú-tẹ̀yìn, tí kò sì lè tú gbólóhùn agbẹjọ́rò Gẹ̀ẹ́sì palẹ̀, yóò mọ̀ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, ṣùgbọ́n kò ní í mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ lé. Ẹni méjèèjì yìí ni yóò pàdánù ilẹ̀. Wọ́n lè sọ fún wa pé agbẹjọ́rò ló ṣe iṣẹ́ náà, kì í ṣe ẹni tó ka Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú Ìtàn. Lóòótọ́, agbẹjọ́rò ló dúró níwájú adájọ́. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tó gba ilẹ̀ padà ni ìmọ̀ pé ọ̀rọ̀ inú ìwé kò dá dúró, pé ìgbà tí wọ́n kọ ọ́ àti àwọn tí wọ́n kọ ọ́ fún ló ń sọ bó ṣe wúwo tó. Ìmọ̀ yẹn gan-an ni dìgírì tí à ń sọ yìí fi ń kọ́ni.

Àwọn tó rò pé àṣà tuntun ni kí á so ẹ̀kọ́ pọ̀ gbàgbé bí yunifásítì ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí University College Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948, dìgírì Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di 1962 tó di yunifásítì tó dá dúró. Lára dìgírì náà ni èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ka ẹ̀kọ́ mẹ́ta pa pọ̀. Chinua Achebe wọlé ní 1948 láti kọ́ iṣẹ́ dókítà. Ó fi í sílẹ̀, ó pàdánù owó ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ rẹ̀ nítorí rẹ̀, ó ka Gẹ̀ẹ́sì, Ìtàn àti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, ó sì gba oyè onípò kejì ní 1953. Ní ọdún yẹn kan náà ni Mabel Segun gboyè níbẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì, Látìn àti Ìtàn. Nígbà náà pàápàá, ẹ̀yìn dìgírì tí wọ́n fi ń ka ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi irú dìgírì yìí sí. Ojú tí ayé fi wò ó nígbà náà ni wọ́n ṣì fi ń wò ó lónìí, bẹ́ẹ̀ ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn tí Achebe jáde ni ìwé rẹ̀, Things Fall Apart, dé orí àtẹ.

Ìwé yẹn fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí. Ní 1905, àwọn ará Àhíárá ní ilẹ̀ Ìgbò pa Dókítà Stewart, òyìnbó kan tó ṣìnà lórí kẹ̀kẹ́, ìjọba sì fi ogun gbẹ̀san lára àwọn ìlú agbègbè náà. Ẹni tó bá ka orí tí Achebe ti sọ ìtàn Abame, tí òyìnbó orí kẹ̀kẹ́ kan ti kú tí ìlú sì run, yóò rí ibi tó ti mú un. Ìparí ìwé náà tún wá jù bẹ́ẹ̀ lọ: ajẹ́lẹ̀ ń ronú ìwé tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ kọ, tí gbogbo ayé Okonkwo, akọni ìtàn náà, kò ní í ju ìpínrọ̀ kan lọ nínú rẹ̀. Ìbéèrè òpìtàn nìyẹn, ta ló kọ ìwé tí à ń kà, àwọn wo ló sì yọ kúrò nínú rẹ̀? Ọwọ́ òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi béèrè rẹ̀. Ẹ tún mú eré Wole Soyinka, Death and the King's Horseman, tó jáde ní 1975. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, ó ní ọdún 1946 ni ohun tó ti mú eré náà ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́, àti pé òun ti í sẹ́yìn kó lè bọ́ sí ìgbà ogun. Òpìtàn mọ̀ pé ìparí 1944 ni Aláàfin Ládìgbòlù wàjà, pé ìbẹ̀rẹ̀ 1945 ni ìjọba mú Olókùn Ẹṣin tó yẹ kó bá a kú, nígbà tí ogun ṣì ń lọ. Ìtàn gan-an ti wà ní ibi tí eré fẹ́ tì í lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan lè gba 1946 gbọ́ títí ayé. Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn nìkan lè sọ pé òǹkọ̀wé purọ́, kó sì pa ìwé dé. Ẹni tó kọ́ méjèèjì ni yóò mọ̀ pé àṣìṣe ọdún kò ba eré jẹ́, tí yóò sì tún béèrè ohun tí ogun àwọn òyìnbó ń ṣe nínú eré náà.

Àtakò àkọ́kọ́ tí a gbọ́dọ̀ dáhùn ni ti ìjìnlẹ̀. Wọ́n ní ọdún mẹ́rin kò tó fún ẹ̀kọ́ kan, áńbọ̀sì méjì. Bó bá jẹ́ iye ìwé tí a kà ni ìjìnlẹ̀, òótọ́ ni wọ́n sọ, akẹ́kọ̀ọ́ oníméjì kò ní í ka ewì tó bẹ́ẹ̀, kò sì ní í mọ orúkọ ọba tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo The History of the Yorubas ti Samuel Johnson, tí gbogbo wa ń tọ́ka sí. Pásítọ̀ ni Johnson ní Ọ̀yọ́. Ó parí iṣẹ́ náà ní 1897, àfọwọ́kọ rẹ̀ sọnù lọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́, ó kú ní 1901, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un kọ látinú àwọn àkọsílẹ̀ tó fi sílẹ̀, ìwé náà sì jáde ní 1921. Ọwọ́ méjì ló wà nínú rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì oníwàásù ló gbé e jáde, ojú Ọ̀yọ́ ló sì fi wo gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣa ọdún àti orúkọ nínú rẹ̀ láì gbọ́ ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń fi í dá ẹjọ́ oyè àti ààlà títí dòní. Mímọ̀ ọ́n kà pẹ̀lú etí onílítíréṣọ̀ àti ìfura òpìtàn ni ìjìnlẹ̀ tó wúlò fún wa.

Àtakò kejì ni ti oúnjẹ òòjọ́: iṣẹ́ dà? Ìbẹ̀rù yìí lágbára débi pé ọ̀pọ̀ ẹ̀ka Ìtàn ní yunifásítì wa ti fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún orúkọ wọn kí òbí má baà sá: ti Yunifásítì Èkó ń jẹ́ History and Strategic Studies báyìí. Kò sẹ́ni tí yóò tan àwọn òbí jẹ pé iṣẹ́ wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ. Ẹnjiníà ń wáṣẹ́, oníṣirò owó ń wáṣẹ́. Ohun tí a lè sọ ni ohun tí àwọn tó ti kẹ́kọ̀ọ́ yìí fi ṣe. Achebe wọ iléeṣẹ́ rédíò ìjọba ní Èkó ní 1954, ó di olórí ẹ̀ka tó ń bá òkè òkun sọ̀rọ̀ ní 1961, ó sì jẹ́ olóòtú African Writers Series láti 1962 fún ọdún mẹ́wàá. Mabel Segun kọ́ni, ó sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ó kọ ìwé fún ọmọdé, ó dá ẹgbẹ́ lítíréṣọ̀ ọmọdé sílẹ̀ ní 1978. Iléèwé, rédíò, ilé ìtẹ̀wé, ilé àṣojú ìjọba lókè òkun, gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ka ìwé ẹlòmíràn kí wọ́n tó kọ tiwọn, ló ń wá ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin òbí wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ń fipá ti ọmọ sí Lọ́ọ̀, ẹ rántí pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó fi dìgírì mìíràn jáde lè ṣe ìdánwò kó sì di sọ̀lísítọ̀. Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú Ìtàn kò ti ìlẹ̀kùn yẹn.

Àtakò tó wúwo jù ni ti àwọn tó fẹ́ràn ilẹ̀ wa. Wọ́n ní Yorùbá ló yẹ ká so mọ́ Ìtàn, pé sísọ Gẹ̀ẹ́sì di ẹnìkejì Ìtàn ń mú ọmọ wa fi ojú òyìnbó wo ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ní ọ̀wọ̀, ó sì yẹ kí ẹni tó bá lè ka Yorùbá pẹ̀lú Ìtàn kà á. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ẹ̀rí wà. Ìwé àwọn ajẹ́lẹ̀ wà ní National Archives tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn mìíràn wà ní Kew ní Lọ́ńdọ̀nù, ti àwọn míṣọ́nnárì CMS wà ní Birmingham. Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú wọn. Kò sí bí a ṣe lè tako ohun tí wọ́n kọ nípa wa láì lè kà á dé ìdí. Kenneth Dike, tó dá ilé ìpamọ́ ìwé Ìbàdàn sílẹ̀, kò ju ìwé àwọn òyìnbó nù. Nínú Trade and Politics in the Niger Delta tó gbé jáde ní 1956, ó gbé ìwé náà síwájú, ó tún lọ gbọ́ tẹnu àwọn àgbà, ó wá fi ọ̀kan yẹ èkejì wò. Ọmọ Yorùbá tó bá ka Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú Ìtàn mú èdè mìíràn wọlé láti ilé: yóò gbọ́ oríkì àti ìtàn ìdílé tí ajẹ́lẹ̀ kò gbọ́. Ẹni tó ń fi ojú òyìnbó wo ara rẹ̀ ni ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa tí kò mọ ìtàn bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni à ń tọ́. Láti ọdún ẹ̀kọ́ 2009/2010 ni wọ́n yọ Ìtàn kúrò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ tó dá dúró nínú ètò iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti sẹ́kọ́ńdìrì kékeré, ó sì pẹ́ kí ìjọba àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà. Ní gbogbo ìgbà yẹn, Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ dandan, JAMB kò sì gba ẹnikẹ́ni láìsí i. Àwọn ọmọ tó fi ìgbà yẹn dàgbà ló ń wọ yunifásítì báyìí. Bó bá sì jẹ́ iye ẹ̀kọ́ ló ń bà wá lẹ́rù, kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni kò fìgbà kan sọ pé ẹ̀kọ́ méjì pọ̀ jù, nítorí ẹ̀kọ́ méjì ni ẹni tó ń gba NCE máa ń mú, Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú Ìtàn sì wà lára ohun tí wọ́n ń so pọ̀.

Ibì kan wà tí ẹ̀sùn àbọ̀ ẹ̀kọ́ ti lè jẹ́ òótọ́: ibi tí ẹ̀ka méjì ti pín ọmọ kan láàárín ara wọn, tí wọn kò sì jọ sọ̀rọ̀ títí ó fi jáde. Ẹ̀bi ètò nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀bi ìdàpọ̀. Ẹ̀yin yunifásítì, ẹ jẹ́ kí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti olùkọ́ Ìtàn jọ dúró níwájú kíláàsì kan lórí ìwé kan náà, kí wọ́n sì jọ máa bójú tó iṣẹ́ ìwádìí àṣejáde akẹ́kọ̀ọ́ kan. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ béèrè bóyá wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó yan iléèwé. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ní Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú Ìtàn ni òun fẹ́, tó sì ní ọpọlọ rẹ̀, ẹ má ṣe ní kó yọ ọ̀kan kúrò. Ẹ jẹ́ kó ka méjèèjì.